Máìtì inú ilé adìẹ: ṣé oògùn kan ló ká gbogbo wọn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ẹsẹ̀ adìẹ méjì nínú àwọn àgbébọ̀ mi ti wú, ó ti di págunpàgun, ó sì funfun. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí igi tí wọ́n ń sùn lé lóru, mo tún rí nǹkan pupa tíntìntín tó ń rìn. Ẹni tó ń ta oògùn lọ́jà ní iná adìẹ ni gbogbo rẹ̀, pé kí n fọ́n òtápíápíá sí wọn lára. Ọmọ mi ní àwọn kòkòrò yìí ti wà láyé kí adìẹ tó dé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ́n òtápíápíá sí adìẹ lára. Májèlé ni fún adìẹ àti fún ẹ̀yin tí ẹ ó jẹ ẹyin rẹ̀.

Oríṣi méjì ni ohun tí ẹ rí. Máìtì, ìyẹn ẹ̀dá tíntìntín bíi kòkòrò, ni méjèèjì, iná kò sì sí nínú wọn. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ni iná ní. Máìtì tó ti dàgbà ní mẹ́jọ, torí mọ̀lẹ́bí aláǹtakùn àti àkéekèé ni. (Ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin ní mẹ́fà, ìyẹn sì máa ń ṣi èèyàn lọ́nà.) Irú máìtì tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ lé ní 50,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà nínú ilẹ̀ láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ni Knemidocoptes mutans. Ẹ̀ka Acariformes ló wà, pẹ̀lú èyí tó ń fa kúrúnà sí èèyàn lára. Abẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀ ló ń gbẹ́ wọ̀, ibẹ̀ náà ló ń gbé títí ayé rẹ̀. Adìẹ fúnra rẹ̀ lẹ ó tọ́jú. Ẹ ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, ẹ ki ẹsẹ̀ wọn bọ omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí èépá yóò fi rọ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má fi èékánná ṣí i, yóò ṣẹ̀jẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ fi Vaseline kùn ún dáadáa kó wọ abẹ́ ìpẹ́, kí máìtì má rí atẹ́gùn mí. Ẹ máa tún un ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìpẹ́ tuntun kì í tètè yọ. Bí kò bá lọ, dókítà ẹran lè lo ivermectin, oògùn tó ń pa máìtì, ṣùgbọ́n ẹ bi í ní iye ọjọ́ tí ẹ kò fi ní jẹ ẹyin.

Ti pupa yàtọ̀ pátápátá. Dermanyssus gallinae ni mo fura sí, láti ẹ̀ka Parasitiformes, níbi tí eégbọn àti máìtì Varroa tó ń pa oyin wà. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀ kó tó mu ẹ̀jẹ̀. Òru ló ń jáde, tó bá yó, á padà sínú ihò pátákó. Ẹ wá rí i pé bí ẹ bá ń da oògùn sí adìẹ lára lọ́sàn-án, ẹni tí ẹ ń wá kò sí nílé! Ilé ni kí ẹ dojú kọ. Ẹ kó adìẹ jáde, ẹ tú igi ìsùn, ẹ da omi híhó sí gbogbo ihò àti oríkèé pátákó, kí ẹ sì jó ìdọ̀tí ilẹ̀. Nígbà ooru, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ẹyin rẹ̀ fi ń di àgbà, torí náà ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àti èyí tó tún tẹ̀ lé e. Ẹ má retí pé ebi yóò pa á bí ilé bá ṣófo. Ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù láìjẹ.

Ọmọ yín kò parọ́. Ní Rhynie, ní Scotland, wọ́n rí máìtì nínú òkúta tó lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún. Stanley Hirst kọ nípa wọn ní 1923. Kò tíì sí ẹyẹ kankan láyé nígbà náà. Àwọn tó ń gbé lára ẹlòmíràn ṣọ̀wọ́n nínú òkúta. Inú oje igi tó ti le gan-an ni a ti sábà ń rí wọn. Ní 2017, wọ́n kéde eégbọn kan láti Myanmar tó di ìyẹ́ dáínósọ̀ mú, nǹkan bí 99 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ní 2014, wọ́n ti kéde ìbátan máìtì pupa yín nínú oje igi líle láti agbègbè òkun Baltic ní Yúróòpù: ó rọ̀ mọ́ orí èèrà kan.