Ẹ má ṣe fi símẹ́ǹtì bo ògiri alámọ̀ bàbá yín

Ẹ̀gbọ́n mi, mo ka ìbéèrè yín nípa ilé alámọ̀ tí bàbá yín fi sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ẹ ní ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ ti ń jẹrà, bíríkìlà sì ti gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀, kí ẹ sì fi búlọ́ọ̀kù mọ ààrò tuntun fún màmá. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá ọwọ́ bíríkìlà náà dúró ná. Ohun tó fẹ́ ṣe fún yín gan-an ni mo ṣe sí ilé ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, yàrá kan sì bá a lọ.

Nígbà tí a rẹ́ ilé náà tán, ó dán débi pé àwọn aládùúgbò ń yà wò ó. Nígbà òjò ọdún kejì, mo rí i pé símẹ́ǹtì náà ń wú nítòsí ilẹ̀. Mo fi ìka kàn án, ó dún bí igbá òfìfo. Mo fi ọ̀bẹ ṣí i díẹ̀, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ògiri amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, a sì máa tú u sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn bá kàn án, ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì tí mo fi bò ó ti dí ojú ibi tí omi náà ì bá gbà jáde. Kí oṣù kẹwàá tó parí, ògiri yàrá ẹ̀yìn wó lóru. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ẹni tó sùn síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Amọ̀ tó wó yẹn náà ni mo fi tún yàrá náà mọ. A ṣa símẹ́ǹtì kúrò, a fọ́ amọ̀ náà, a bu omi sí i, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó di pé a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú koríko gbígbẹ tí a gé wẹ́wẹ́. Koríko bẹẹrẹ dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ kò ní kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bẹẹrẹ fún yín, ẹ̀yin tí wọ́n máa ń kó o wọ ààfin Aláàfin nígbà ọdún Bẹẹrẹ láyé àtijọ́. A fi òkúta gbé ìpìlẹ̀ sókè tó ẹsẹ̀ bàtà méjì kí amọ̀ má baà kan ilẹ̀, a sì ń mọ ògiri náà ní ìpele ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, tí a ń jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Amọ̀, iyanrìn àti ìgbẹ́ màlúù ni a fi rẹ́ ẹ. Páànù àti fèrèsé ìrókò jẹ́ ti ilé kan tí wọ́n wó. Ẹ gbé páànù àlòkù kọ̀ọ̀kan sójú oòrùn kí ẹ tó sanwó, nítorí ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ kò ní hàn nílẹ̀.

Ní ti ààrò màmá, búlọ́ọ̀kù kì í fara da iná. Tèmi sán kí oṣù méjì tó pé. Mo fi amọ̀ nìkan mọ èkejì, òun náà là, nítorí pé amọ̀ tí kò ní iyanrìn a máa sún kì bó bá ti ń gbẹ. Ẹ̀kẹta ló dúró: amọ̀ ọ̀gán, ìyẹn ilé ikán, tí a gún, ìwọ̀n kan, pẹ̀lú iyanrìn ìwọ̀n méjì. Igi ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, iná ń gba ihò tóóró lọ sókè tààrà sí ìdí ìkòkò, mo sì ki eérú yí ihò náà ká kí ooru má baà sá wọ ara ògiri ààrò. Larry Winiarski, ará Amẹ́ríkà, ló ṣe ìlànà yìí ní àwọn ọdún 1980. Bí ihò bá ti gbóná gan-an, èéfín fúnra rẹ̀ ni yóò jó. Ní ilẹ̀ olótùútù, wọ́n máa ń darí èéfín gbígbóná yìí gba abẹ́ pèpéle alámọ̀ kí pèpéle náà lè máa móoru títí di òwúrọ̀. Ọyẹ́ tiwa kò le tó bẹ́ẹ̀, ẹ má náwó sí ìyẹn. Àmọ́ ẹ fi àlàfo tó fẹ̀ tó ìka kan sílẹ̀ láàárín ìkòkò àti ẹnu ààrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èéfín yóò padà sójú màmá.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí òjò ńlá bá ń rọ̀, kí ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí. Bó bá ń ta sí ìdí ògiri, ẹ fa òrùlé náà gùn síta, kí ẹ sì gbẹ́ gọ́tà. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri.