Báwo ni ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn àti ohun tójú èèyàn ti rí ṣe ń ran ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lọ́wọ́?

Ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ló ń sọ ìdí tí ìyà kan ò fi dáa, ohun tójú èèyàn rí ló ń jẹ́ ká mọ ibi tí ìyà ọ̀hún gan-an wà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ vidomègon l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, ìyẹn ọmọ tóbìí fi sọ́dọ̀ ẹlòmíì: Ẹ́kísódù 22 àti Àlùkùránì orí 93 ló ní ká má ni ọmọ aláìníbaba lára, pásítọ̀ àti àáfà lè wàásù ẹ̀ títí, àmọ́ ẹni tó gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ló máa sọ fún yín pé ọmọ yẹn ló ń jí pọnmi, òun ló ń kiri ọjà, àwọn ọmọ onílé sì ti wà ní iléèwé, torí náà tẹ́ẹ bá kàn ní kí wọ́n má lù ú, kò tíì tó. Bí Gustavo Gutiérrez, fadá ọmọ Peru, náà ṣe pa ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn pọ̀ mọ́ ohun tójú ẹ̀ rí nìyẹn, àárín àwọn tálákà Lima, olú ìlú Peru, ló ti ṣiṣẹ́ nígbà ayé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹnì kan kọ́ lojú gbogbo èèyàn o, àwọn kan wà tí ẹbí gbà tọ́ tí wọ́n sì rán níléèwé, kẹ́ẹ bi àwọn náà.