Kí ló dé tí GP ò fún mi ní Ampiclox?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Peckham ni mò ń gbé. Ó di ọjọ́ karùn-ún tí ọ̀fun ti ń dùn mí, tí mo sì ń wúkọ́. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, yẹ ọ̀fun mi wò, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún, ó ní kí n lọ máa lo Paracetamol. Ká ní Ìbàdàn ni, kẹ́mísì àdúgbò á ti ka Ampiclox fún mi. Ṣé wọ́n ń fi oògùn ṣahun ni, àbí torí pé àlejò la jẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ara á le. GP lèmi náà ní London, ìyá mi gan-an ti bi mí ní ìbéèrè yìí rí. Inú ìbéèrè mẹ́rin márùn-ún yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Máàkì ni dókítà yín ń kà. NICE, àjọ tó ń ṣètò ìlànà ìtọ́jú ní England, gbé ìlànà ọ̀fun dídùn jáde ní 2018. Nǹkan márùn-ún la máa ń wò: bóyá ibà wà láàárín wákàtí 24 tó kọjá, bóyá ọyún wà lára ẹran méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fun, bóyá ẹran náà wú, tó sì pọ́n gan-an, bóyá aláìsàn tètè wá, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àti bóyá kò sí ikọ́ tàbí ọ̀fìnkìn. Máàkì kọ̀ọ̀kan ni. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń rú àwọn èèyàn wa lójú. Wọ́n rò pé bí ikọ́ bá ṣe pọ̀ tó ni oògùn ṣe yẹ kó yá tó. Rárá o. Fáírọ́ọ̀sì ni ikọ́ àti ọ̀fìnkìn sábà máa ń tọ́ka sí, antibáyọ́tíìkì, ìyẹn oògùn apa-bakitéríà bíi Ampiclox, ò sì lè tu irun kan lára fáírọ́ọ̀sì.

Ẹni tó gba òdo tàbí máàkì kan, a ò ní kọ antibáyọ́tíìkì fún un. Fún méjì tàbí mẹ́ta, a lè fún un ní ìwé oògùn tí yóò fi pamọ́, kó lò ó bí ọ̀fun kò bá rọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tàbí tó bá ń le sí i. Fún mẹ́rin tàbí márùn-ún, a lè kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, penicillin V ló sì sábà máa ń jẹ́. Ẹ̀yin ń wúkọ́, ẹ sì ti lo ọjọ́ márùn-ún: máàkì méjì ti lọ nìyẹn.

Ti owó kọ́. Kódà, nínú ìwádìí, nǹkan bíi wákàtí 16 péré ni antibáyọ́tíìkì fi ń dín ọjọ́ ọ̀fun dídùn kù. Ìlànà náà kì í sì í ṣe òkúta: ní December 2022, nígbà tí bakitéríà tó ń jẹ́ Strep A ń pa àwọn ọmọdé, wọ́n rẹ máàkì tí a fi ń fún ọmọdé lóògùn sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ní ti Ampiclox tó bá ẹrù wá láti ilé (mo mọ̀ pé ó wà nínú dúrọ́ọ̀ yín!), ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ampicillin, tó jẹ́ ọ̀kan lára ìdílé penicillin, wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé glandular fever, àìsàn fáírọ́ọ̀sì kan, ló ń mú ọ̀fun ẹnì kan, ara rẹ̀ lè sú wàràwàrà, wọ́n á wá kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé penicillin kò bá a lára mu, nígbà tó jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ikọ́ yẹn lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó lọ tán, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Oyin dára fún un, àmọ́ kì í ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Bí ọ̀fun bá tún yọ yín lẹ́nu, apoògùn àdúgbò náà lè ka máàkì yìí, ó sì lè fúnni lóògùn fúnra rẹ̀, láti 31 January 2024.

Ṣùgbọ́n bí mímí bá nira, bí ẹ kò bá lè gbé itọ́ mì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ bá ń bá ikọ́ jáde, 999 ni kí ẹ pè. Ẹ tún ṣọ́ra bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá ní fòníkú-fọ̀ladìde: ọlọ inú wọn kì í sábà ṣiṣẹ́ dáadáa, torí ẹ̀ ni wọ́n fi ń lo penicillin lójoojúmọ́ láti kékeré. Tí ibà bá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò sí pé à ń ka máàkì, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.