Ṣé kàtúùnù WordGirl lè kọ́ ọmọ mi ní ọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Ọmọ wa ọkùnrin ti pé ọdún márùn-ún ààbọ̀, WordGirl ló sì fẹ́ràn jù láyé. Bó bá ti ilé ìwé dé, ó lè jókòó tì í fún wákàtí méjì. Mo ní kò burú, ṣebí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀. Àmọ́ tí mo bá bi í pé ọ̀rọ̀ wo ló kọ́ lónìí, á ní ọ̀bọ yẹn ṣubú. Bàbá rẹ̀ ní ìranù ni. Ṣé kí n má jẹ̀ẹ́ kó wò ó mọ́ ni? Ṣé kí a sì dín Yorùbá kù nílé, kí Gẹ̀ẹ́sì lè ráyè wọlé?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kó máa wò ó. Ẹ kàn dín in kù, kí ẹ sì fi ẹnu tiyín kún un.

Wọ́n fara balẹ̀ ṣe kàtúùnù yìí. Ọdún 2007 ni PBS, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde bí ètò tó dá dúró, ó sì parí ní 2015. Becky Botsford, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni WordGirl fúnra rẹ̀, ó wá láti pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Lexicon. Ó lè fò, ó lágbára, ó sì mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ju àgbàlagbà lọ. Òun àti ọ̀bọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń kojú ọ̀daràn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀daràn yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ alápatà: ẹran ló fi ń jà, bó sì ti ń ju ẹran ló ń pa Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pa màlúù. Ìjà á dúró, ọmọbìnrin yìí á tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí ọmọdé ṣe máa gbọ́ ọ. Kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ní kí ọmọ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ méjì, àwọn ọ̀rọ̀ náà á sì máa jáde léraléra.

Ọgbọ́n pọ̀ níbẹ̀. Etí ni kò sí. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pa àlọ́ fún wa: apàlọ́ á ní "Ààlọ́ o!", bí a kò bá dáhùn "Ààlọ̀!", kò ní í tẹ̀ síwájú. Tẹlifíṣọ̀n kì í dúró gbọ́ ààlọ̀. Ọmọ yín dáhùn o, kò dáhùn o, ó ń lọ ní tiẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀bọ tó ṣubú ló kù sọ́kàn rẹ̀.

Ẹ jókòó tì í fún ìtàn kan péré. Kò ju bí ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ. Tó bá parí, ẹ má bi í ní ìtumọ̀ kankan, ìdánwò nìyẹn. Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ká ní "cumbersome" ni. Ẹ pè é kó bá yín gbé páálí iṣu kúrò nínú mọ́tò. "Páálí yìí mà cumbersome o!" Kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ ní Yorùbá: ó rí gbẹ̀ǹdẹ̀kú, kò ṣeé gbá mú, kì í jẹ́ kéèyàn rí iwájú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lò ó fún bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ṣe bí alápatà, ẹ ní bisikíìtì ọwọ́ rẹ̀ cumbersome. Á pariwo mọ́ yín! Mo ti rí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì tó lanu nítorí kó lè tún ọ̀rọ̀ àgbàlagbà ṣe.

Wákàtí méjì yẹn pọ̀. Ní 2016, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní kó má ju wákàtí kan lóòjọ́ fún ọmọ ọdún méjì sí márùn-ún, kí òbí sì bá a wò ó.

Ẹ má dín Yorùbá kù rárá. Ọmọ tó ti mọ bí ẹrù gbẹ̀ǹdẹ̀kú ṣe rí, orúkọ lásán ló kù kí Gẹ̀ẹ́sì fún un. Àfi bí kò bá lóye ohun tí ẹ ní kó ṣe ní èdè méjèèjì. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò.

Ní ti bàbá wọn, ẹ ní kí wọ́n bá yín wo èyí tí alápatà yẹn wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín lè pa wọ́n.