Kí ni wọ́n ń pè ní "Heinrich event", báwo sì ni ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ṣe mọ̀ nípa rẹ̀?

Ìbéèrè: Mo máa ń rí ọ̀rọ̀ náà "Heinrich event" níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́ ayé àtijọ́. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé ìgbà tí ayé gbóná tí yìnyín fi yọ́ ni? Báwo ni ẹrẹ̀ lásán ṣe lè jẹ́rìí sí i?

Ìdáhùn: Ìgbà ooru kọ́ o. Ìgbà òtútù tó le gan-an ni. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń kà, láàárín nǹkan bí ọdún 60,000 sí 16,000 sẹ́yìn, tí àwọn òkè yìnyín ya kúrò lára yìnyín ńlá tó bo Kánádà nígbà náà, tí wọ́n rọ́ wọ apá àríwá òkun Àtìláńtíìkì, tí wọ́n sì yọ́ síbẹ̀. Wọ́n ń pè wọ́n ní H1 títí dé H6: H1 ló sún mọ́ wa jù, H6 ló jìnnà jù. Hartmut Heinrich, ọmọ Jámánì, ló ni orúkọ náà. Ní 1988 ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde lórí ẹrẹ̀ tí wọ́n wà jáde nítòsí òkè abẹ́ omi kan tó ń jẹ́ Dreizack. Ní 1992 ni Wallace Broecker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi orúkọ rẹ̀ pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Òkúta ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Láàárín gbùngbùn òkun, tó jìnnà sí ilẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúnná àti karawun àwọn ẹ̀dá tíntìntín nìkan ló yẹ kó máa bọ́ sílẹ̀. Atẹ́gùn kò lè gbé òkúta wẹ́wẹ́ dé ibẹ̀, ìgbì náà kò lè gbé e. Yìnyín ló lè gbé e. Nígbà tí yìnyín ńlá bá ń wọ́ lórí ilẹ̀, ó máa ń ha àpáta, á sì dì mọ́ òkúta tó bá ha. Bó bá ya sínú òkun, ó ń gbé ẹrù yẹn léfòó lọ, ibi tó bá sì ti yọ́ ni ẹrù náà máa bọ́ sí. Nítorí náà, ibi tí yìnyín ti yọ́ ni òkúta inú ẹrẹ̀ ń fi hàn wá.

A mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá náà. Ìpele òkúta yìí nípọn nítòsí Labrador ní Kánádà, ó sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i bí a ṣe ń lọ sí ìlà-oòrùn, títí kò fi ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ níhà Yúróòpù. Láàárín ìlà ìbú 40 sí 55 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé ló ti pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn hóró náà jẹ́ òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò láti fi ṣe sìmẹ́ǹtì, irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló sì wà lábẹ́ Hudson Bay àti ojú omi Hudson Strait, ní Kánádà kan náà. H3 àti H6 yàtọ̀ díẹ̀: òkúta ẹfun kò pọ̀ nínú wọn tó bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kà á rèé. Ọkọ̀ ojú omi á ju ọ̀pá irin tó ní ihò nínú sí ìsàlẹ̀ òkun, kí ó gún ẹrẹ̀ wọlé kó sì fà á jáde ní odindi. Wọ́n á gé e sí ìwọ̀n mítà kan ààbọ̀, wọ́n á là á sí méjì gbọọrọ: apá kan fún iṣẹ́, apá kejì fún ìpamọ́ níbi tútù, nǹkan bíi 4°C, kí ó má baà gbẹ. Láti apá iṣẹ́, wọ́n á máa bu ẹrẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì síra wọn. Wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á wọ̀n ọ́n, ó sábà máa ń tó gíráàmù 10. Wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ lórí asẹ́ tí ojú rẹ̀ kò ju máíkírọ́ọ̀nù 63 lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Ẹrẹ̀ á ṣàn lọ, iyanrìn àti karawun á kù. Wọ́n á tún fi asẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 150 kù ú, wọ́n á pín ohun tó kù títí yóò fi ku nǹkan bí hóró 300, kí wọ́n tó kà á lábẹ́ máíkírósíkóòpù: òkúta mélòó, karawun mélòó.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí 270 nínú 300 bá jẹ́ òkúta, èèyàn á ní òkúta ti rọ̀jò. Ó sì lè jẹ́ pé karawun ló dínkù. Foraminifera, àwọn ẹ̀dá tó ni karawun wọ̀nyẹn, kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú omi tí yìnyín ti bò. Òkúta tí kò lé rárá á wá dà bíi pé ó gbòde kan. Agbẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ka òkúta inú gíráàmù kan, kí a sì tún fi thorium-230 mọ bí ẹrẹ̀ ṣe yára bọ́ sílẹ̀ tó. Uranium inú omi òkun ń mú thorium yìí jáde ní ìwọ̀n kan náà lọ́dọọdún, kì í sì í pẹ́ rárá kó tó bá ẹrẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Ibi tó bá ti ṣọ̀wọ́n nínú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ ló yára bò ó mọ́lẹ̀.

Ekòló òkun náà ń da iṣẹ́ rú. Wọ́n máa ń po ẹrẹ̀ òkè pọ̀ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Níbi tí ẹrẹ̀ kò ti ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ láàárín ọdún 1,000, ọdún 5,000 ni wọ́n pò mọ́ra yẹn, ó sì gùn ju ìṣẹ̀lẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ. Ibi tí ìṣàn omi ti ń kó ẹrẹ̀ jọ, tó ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20 lọ́dún 1,000, ló yẹ ká lọ wà. Ẹ tún ṣọ́ra fún iyanrìn tó ya wá láti ẹ̀gbẹ́ òkè abẹ́ omi: èyí tó tóbi máa ń wà nísàlẹ̀, èyí tó kúnná á wà lókè. Òkúta tí yìnyín jù sílẹ̀ kì í tò bẹ́ẹ̀. Ní ti ọjọ́ orí, kábọ́ọ̀nù-14 kò ràn wá lọ́wọ́ kọjá nǹkan bí ọdún 50,000, karawun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lónìí pàápàá á sì dà bí ẹni ọdún 400, torí pé kábọ́ọ̀nù inú omi òkun ti pẹ́. Nígbà H1, àṣìṣe yẹn lè ju ọdún 1,000 lọ láwọn ibì kan.

Ẹlẹ́rìí kejì ni ọ́síjìn inú karawun. Ọ́síjìn-16 fúyẹ́ ju ọ́síjìn-18 lọ, òun ló ń bá oru omi gòkè jù, òun ló sì pọ̀ jù nínú yìnyín. Bí yìnyín bá yọ́ sínú òkun, ọ́síjìn-18 inú karawun á dínkù. Àmọ́ omi tó bá gbóná náà máa ń dín in kù, nítorí náà wọ́n á tún wọn magnẹ́síọ̀mù inú karawun kan náà kí wọ́n lè mọ bí omi ṣe gbóná tó, kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ooru. Nínú ẹrẹ̀ tí wọ́n wà nítòsí Iceland, iṣẹ́ tó jáde ní 2015 fi hàn pé òtútù ti dé kí òkúta tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Yìnyín yẹn kò lè jẹ́ ohun tó dá òtútù náà sílẹ̀, bó tilẹ̀ lè mú kó pẹ́ sí i. Àwọn kan ní ẹsẹ̀ yìnyín ló yọ̀ nígbà tó wúwo jù. Lójú tiwa, ẹ̀rí tó lágbára jù ni ti omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ lábẹ́ omi tútù, tó ń jẹ etí yìnyín láti ìsàlẹ̀. Ẹrẹ̀ nítòsí Bermuda náà fi hàn pé nígbà H1, ìṣàn omi ńlá tó ń gbé ooru lọ sí àríwá fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Ó kàn wá nílé pẹ̀lú. Ní 2007, Syee Weldeab àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ jáde lórí ẹrẹ̀ kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà MD03-2707, tí wọ́n wà nínú òkun nítòsí Kamẹrúùnù, tó sì mọ ìtàn ọdún 155,000. Omi odò ní báríọ̀mù ju omi òkun lọ, nítorí náà báríọ̀mù inú karawun ń sọ bí omi odò tó wọ òkun ṣe pọ̀ tó. Nígbà H1, ó lọ sílẹ̀: Àtìláńtíìkì ti àríwá tutù, ìgbànú òjò sún sí gúúsù, òjò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sì dínkù. Àpapọ̀ omi Odò Ọya, Sanaga àtàwọn odò agbègbè náà ni karawun yẹn ń jẹ́rìí sí. Kò lè sọ iye òjò tó rọ̀ ní Ìbàdàn tàbí ní Ọ̀yọ́.