Kí ló dé tí ajá kékeré fi ń jẹ koríko, ṣé kò léwu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, mo sì ní ajá kékeré onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní Lhasa, ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún kan. Bí mo bá ti ṣílẹ̀kùn fún un láàárọ̀ kó lọ tọ̀, ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ń gbà lọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já koríko jẹ bí ewúrẹ́. Nígbà mìíràn á bì í, èébì náà á máa hó bí ọṣẹ, á sì pọ́n rúsúrúsú. Lẹ́yìn ìyẹn, á tún máa ṣeré kiri bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹnìkan ní aràn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹlòmíràn ní kí n so ó mọ́lẹ̀. Oúnjẹ ilé la ń fún un, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ nírọ̀lẹ́: ẹ̀bà tàbí ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ àti orí ẹja. Kí ló ń fà á, ṣé koríko yìí kò ní pa á lára?

Ìdáhùn: Màmá wa, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, pàápàá nítorí pé ẹ sọ àkókò tí ajá náà ń jẹ koríko, ẹ sọ bí èébì rẹ̀ ṣe rí, ẹ sì sọ irú oúnjẹ tí ẹ ń fún un. Púpọ̀ nínú ìdáhùn tí ẹ ń wá ló wà nínú àwọn nǹkan mẹ́ta yìí. Kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀ ná: ajá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa ń jẹ koríko, koríko tútù tí kò ní májèlé lára kì í sì í sábà ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣọ́ ni ohun tí wọ́n fọ́n sára koríko náà àti ohun tó ń hù láàárín rẹ̀, nítorí ara kékeré kì í gba májèlé púpọ̀ kó tó ṣubú.

Jíjẹ koríko wà nínú ẹ̀dá ajá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìkookò ni ìbátan ajá tó súnmọ́ ọn jù lọ, ẹran pípa ló sì fi ń jẹun. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ìgbẹ́ àwọn ìkookò wò ní ọgbà ìtọ́jú ẹranko Yellowstone ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí i pé bí 74 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbẹ́ tí wọ́n kó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ló ní ewé nínú, koríko ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Inú ajá kò lè lọ koríko kúnná bí inú màlúù ṣe ń ṣe é, nítorí náà bó ṣe gbé e mì náà ló máa ń jáde. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé àǹfààní rẹ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn gan-an: koríko tí kò dà á máa wé mọ́ aràn inú ìfun, á sì gbé e jáde. Wọ́n tọ́ka sí àwọn ìnàkí tó wà nínú igbó Tanzania, tí wọ́n máa ń gbé ewé tó rí ṣákiṣàki mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu, tí aràn sì máa ń bá ewé náà jáde. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má fi koríko rọ́pò oògùn aràn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé bí inú bá ń run ajá, koríko ló máa ń wá lọ jẹ kó lè bì. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló pọ̀ jù. Ní ọdún 2008, àwọn dókítà ẹranko ní Yunifásítì California tó wà ní Davis gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n bi àwọn tó ní ajá léèrè, wọ́n sì lo ìdáhùn ènìyàn 1,571 tí ajá wọn máa ń jẹ ewé. Ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ní ojoojúmọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ajá wọn ń jẹ ẹ́. Ìdá 8 péré ló sọ pé ara ajá àwọn kì í sábà yá kó tó jẹ ẹ́, ìdá 22 sì ní ó máa ń bì lẹ́yìn tó bá jẹ ẹ́ tán. Wọ́n tún ṣàkíyèsí pé àwọn ajá tí kò tíì dàgbà ń jẹ ẹ́ ju àwọn àgbà lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni kì í sábà ṣàìsàn ṣáájú, tí wọn kì í sì í sábà bì lẹ́yìn rẹ̀. Ajá yín kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ó sì ń ṣeré lẹ́yìn tó bá bì tán. Ó bá èyí mu.

Wàyí o, èébì tó pọ́n rúsúrúsú yẹn ni kí a yẹ̀ wò dáadáa, nítorí òun ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́. Òróòro ni. Bí ajá bá jẹun nírọ̀lẹ́ tí kò sì tún fẹnu kan nǹkan kan títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́ tí oòrùn sì là, inú rẹ̀ á ti ṣófo fún wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òróòro tó yẹ kó máa ṣàn lọ sínú ìfun á padà gòkè sínú ikùn tí kò sí oúnjẹ níbẹ̀, á sì máa ta á. Ajá kékeré ni mo ti ń rí èyí jù. Ebi ń pa á, inú ń ta á, ilẹ̀kùn sì ṣí, koríko ló wà níwájú rẹ̀. Lójú tèmi, kì í ṣe koríko ló fa èébì náà. Inú òfìfo ló fa méjèèjì. Nítorí náà, ẹ pín oúnjẹ kan náà tí ẹ ń fún un sí ọ̀nà mẹ́ta: ìdá kan láàárọ̀ kó tó jáde, ìdá kan nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì fún un ní ìyókù nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ sùn. Ẹ ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí èébì òwúrọ̀ náà bá lọ, a ti mọ ohun tó fà á. Bí kò bá lọ, ẹ gbé e wá kí a yẹ̀ ẹ́ wò.

Oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ nínú. Ọbẹ̀ tí ẹ ń bù sí i, mo mọ̀ pé àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀, bóyá aáyù pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, sísè kò sì pa oró wọn. Ẹ yọ ẹran tàbí ẹja tirẹ̀ sọ́tọ̀ kí ẹ tó da ata àti àlùbọ́sà sí ìkòkò, kí ẹ sì yọ egungun ẹja kúrò. Ẹ̀wẹ̀, ẹ̀bà àti ìrẹsì funfun kò ní fáíbà tó pọ̀, ìyẹn okùn inú oúnjẹ tó ń jẹ́ kí ìfun ṣiṣẹ́ geere. Àwọn dókítà ẹranko kan ní Kòríà kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 2007: ajá poodle kékeré kan, ọmọ ọdún 11, ti ń jẹ ewé tí ó sì ń bì í fún ọdún 7. Nígbà tí wọ́n yí oúnjẹ rẹ̀ padà sí èyí tí fáíbà pọ̀ nínú rẹ̀, ó jáwọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ajá kan ṣoṣo nìyẹn, n kò sì lè fi ṣèlérí fún yín, ṣùgbọ́n elégédé tí a sè tàbí kárọ́ọ̀tì tí a sè tí a sì gún, bí ṣíbí kan sínú oúnjẹ rẹ̀, kò lè pa á lára.

Ẹni tó sọ pé aràn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu kò jẹ̀bi, àmọ́ kò tíì rí i. Láìyẹ ìgbẹ́ ajá náà wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kò sẹ́ni tó lè sọ. Aràn kan wà tó máa ń fi eyín di ìfun mú, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Lára ajá kékeré, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í pẹ́ tí erìgì á fi funfun. Ẹyin aràn máa ń wà nínú iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn ajá mìíràn ti yàgbẹ́ sí, ẹnu tó ń já koríko nílẹ̀ sì lè kó o. Èyí tó ń bí ẹyin tó le jù máa ń wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọmọdé tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré sì lè kó o, kó sì dé ojú tàbí ẹ̀dọ̀ wọn. Ẹ máa fún ajá àgbà ní oògùn aràn ní oṣù mẹ́tamẹ́ta, kí ẹ wọn ajá náà kí a tó wọn oògùn. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò bá pé, ẹ má jẹ́ kó jẹ koríko ní ìta rárá, nítorí kòkòrò àrùn parvo, èyí tó máa ń fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru líle fún ajá, máa ń wà nínú ilẹ̀ fún bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí jù nìyí: ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ẹ dárúkọ. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn èèyàn máa ń fọ́n kẹ́míkà sí láti fi pa koríko. Ajá kílò 6 àti ajá ìṣọ́ kílò 30 lè lá ìwọ̀n kẹ́míkà kan náà, ṣùgbọ́n ìlọ́po márùn-ún ló máa jẹ́ lára èyí tó kéré. NAFDAC ti fòfin de paraquat, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn kẹ́míkà apakoríko, láti oṣù Kìíní ọdún 2024, síbẹ̀ èyí tí ẹnìkan ti rà pamọ́ lè wà ní igun ilé. Ó máa ń bó ẹnu àti ahọ́n, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń ṣẹ́ ẹ. Ẹ bi àwọn aládùúgbò yín léèrè kí wọ́n tó fọ́n nǹkan kan, àti lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti fọ́n ọn, kí ajá má dé ibẹ̀ títí koríko náà fi kú tán, tí a sì kó o kúrò. Ohun kan náà ló yẹ kí ẹ ṣe níbi tí wọ́n bá da oògùn eèrà tàbí ti aáyán sí.

Ẹ tún wo ohun tó ń hù níbẹ̀. Làpálàpá tí a fi ń ṣe ọgbà àti làrà, èso àwọn méjèèjì ní oró líle. Igi bí ọ̀pẹ kúkúrú tí ewé rẹ̀ mú ṣóńṣó, tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà, tí òyìnbó ń pè ní sago palm, máa ń pa ẹ̀dọ̀ ajá run, èso rẹ̀ ló sì burú jù. Ẹ fà wọ́n tu, tàbí kí ẹ sé ibẹ̀. Bí èèmọ́ bá lẹ̀ mọ́ irun Lhasa, ẹ tú u kúrò lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ àti inú etí, nítorí ó lè gún awọ wọlé.

Mi ò fara mọ́ ọn pé kí ẹ so ó mọ́lẹ̀. Ẹ wá basíà kan, ẹ gbin koríko rírọ̀ tí kò ní kẹ́míkà lára sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó máa jẹ ti inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí koríko gígùn tó ń jọ̀ ní ìdí rẹ̀ nígbà tó ń yàgbẹ́, tó sì kọ̀ láti jáde, ẹ má fà á tipátipá, ó lè fa ìfun ya. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé èyí tó yọ síta, kí ẹ gbé e wá. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín léraléra lẹ́yìn tó jẹ koríko, tí ikun ń jáde ní ihò imú kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí ewé kan ti há sẹ́yìn imú rẹ̀. Ìyẹn náà, ẹ gbé e wá.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì ni èébì tó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì tàbí ìgbẹ́, inú tó wú tí ajá ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde, erìgì funfun, itọ́ tó ń dà wuruwuru, gbígbọ̀n, tàbí kí ajá kọ oúnjẹ fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Epo kò pa májèlé, ajá tó rẹ̀ sì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko tó súnmọ́ yín. Ní Abẹ́òkúta, Yunifásítì FUNAAB ní ilé ìwòsàn ẹranko tirẹ̀. Kí ẹ fi ọ̀rá kó díẹ̀ nínú èébì náà dání, kí ẹ mú ẹ̀ka ewé tó jẹ, bí ẹ bá sì fura sí kẹ́míkà, kí ẹ gbé ìgò rẹ̀ wá, nítorí orúkọ tó wà lára ìgò náà ló máa sọ fún dókítà irú oògùn tó yẹ kó fún un.