Kì í ṣe gbogbo ẹkún abiyamọ ni àbísínwín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, nọ́ọ̀sì. Ó di ọjọ́ 9 tí ìyàwó mi ti bí ọmọkùnrin. A ti ṣe ìkómọ, ara ọmọ sì le. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹrin ni ìyá rẹ̀ ti ń sunkún láìnídìí. Ìyá mi ní àbísínwín ni, pé kí a tètè gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Àgbo tàbí oògùn wo ni mo lè rà fún un kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kí ó sì lè dúpẹ́ ohun tí Ọlọ́run ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o, bàbá ìkókó. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń mọ ibi tí yóò já sí kí n tó kà á tán. N kò ní dárúkọ àgbo tàbí oògùn kankan, nítorí pé n kò fojú rí ìyàwó yín. Ẹ ní ó ń sunkún láìnídìí, ìdí wà. Nígbà tí ibi ọmọ bá ti jáde, àwọn họ́mónù tí wọ́n ti lọ sókè láti ìgbà oyún a já wálẹ̀ lójijì. Omi ọmú a ya dé, ojú ọgbẹ́ a máa ta á, oorun kò sì ní sí. Ẹkún tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún lẹ́yìn ìbímọ máa ń ṣe èyí tí ó ju ìdajì àwọn abiyamọ lọ, ó sì sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ 2 tó pé.

Ìyá yín ni mo fẹ́ bá sọ ti àbísínwín. N kò ní sọ pé irọ́ ni, nítorí àwọn baba ńlá wa ti rí i kí ilé ìwòsàn tó dé, orúkọ tí wọ́n fún un sì bá a mu. Ṣùgbọ́n nínú obìnrin 1,000 tí ó bímọ, ẹyọ 1 tàbí 2 ni ó máa ń ṣe, ẹkún nìkan kọ́ sì ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà lè wà lójúfò ní òru 2 tàbí 3 léraléra kí oorun má sì kùn ún. Ó lè máa dá sọ̀rọ̀, kí ó máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí kí ó tẹjú mọ́ ọmọ tí ó bí kí ó ní wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, ẹ má ṣe fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Èmi náà ń gbàdúrà nílé mi, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé mo ti gba obìnrin kan tí ó ti lo ọjọ́ 5 lórí òkè, tí wọ́n ní kí ó gbààwẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ṣì ń dà lára rẹ̀. Ọmú rẹ̀ ti le bí òkúta, ibà sì ti wọ̀ ọ́. Àìsàn tí ó gbóògùn ni wọ́n fi ń ṣeré bẹ́ẹ̀.

Láàárín méjèèjì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wà, òun ni ó sì ń bà mí lẹ́rù jù nítorí pé kì í pariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú obìnrin 100 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, nǹkan bí 13 ni ó ní àìsàn ọpọlọ, èyí tí ó sì pọ̀ jù níbẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Obìnrin kan gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ 6. Mo béèrè ọmọ, ó ní dáadáa ni. Mo ní, “Ìwọ ńkọ́?” Ó ń wé etí ìró mọ́ ìka, ó ń tú u, kò sì dáhùn. Ìbéèrè 10 kan wà tí wọ́n ṣe ní ìlú Edinburgh, ní Scotland, ní 1987, tí a fi ń yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò. Ìkẹwàá ni mo máa ń fetí sí jù: ǹjẹ́ ó ti wá sí ọ lọ́kàn láti ṣe ara rẹ ní jàǹbá? Nígbà tí mo bi obìnrin náà, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó ti bi í rí, àfi àwọn tí wọ́n ń sọ pé àwọn kan ń wá ọmọ lójú méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún ìyàwó yín pé kí ó dúpẹ́. “Ẹ kú ewu” ni a ń kí abiyamọ, torí pé inú ewu ni ó ti bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún, kí ẹ sì jókòó tì í. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí ìbátan bá aláìsàn wá kí wọ́n jọ máa gbé abúlé ìtòsí, nítorí pé ara ìtọ́jú ni ojúlùmọ̀ jẹ́. Ní òru, ẹ̀yin ni kí ẹ pààrọ̀ ìlédìí, kí ẹ gbé ọmọ lé èjìká títí yóò fi gùfẹ̀, kí ìyá rẹ̀ lè sùn fún wákàtí 4 láìjí bí ọmọ bá gbà. Ẹ fi ọgbọ́n dá àlejò padà. Ẹ̀yin náà kò sì gbọdọ̀ máa dá ru ẹrù yìí, nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì yìí máa ń mú bàbá pẹ̀lú.

Bí ọ̀sẹ̀ 2 bá pé láti ìgbà ìbímọ tí ẹkún kò dá, tàbí tí ó bá sọ ṣáájú ìgbà náà pé ikú yá ju báyìí lọ, ẹ mú un lọ rí dókítà. Ìtọ́jú wà, àwọn oògùn kan sì wà tí a lè lò láìgba ọmú lẹ́nu ọmọ, ṣùgbọ́n dókítà tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò ni kí ó yàn án, kì í ṣe ẹni tí ó ń ta kẹ́míìsì ní ìkóríta. Ẹ bá a wọlé lọ́jọ́ náà. Ẹ má jókòó síta máa tẹ fóònù.